Abà bàbá mi l'ọ́nà Owena: ṣé kí n kó lọ síbẹ̀ àbí kí n jókòó sí Akúrẹ́?

Ọmọ_Arákàlẹ̀:

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko kòkó tàbí tẹ́ ẹ ti gbé abà rí.

Bàbá mi jáde láyé lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi oko kòkó sílẹ̀ fún àwa ọmọ. Inú igbó lọ́hùn-ún ni abà yẹn wà, tó o bá ń ti Akúrẹ́ lọ sí Ondo, kó o tó kan odò Owena ni wàá ti yà, wàá wá gun ọ̀kadà wọlé. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí ilé tó wà níbẹ̀ ò tó ọgbọ̀n, ẹni tó bá ka èyí nínú wọn á ti mọ̀ pé èmi ni. Nígbà tá a wà lọ́mọdé a máa ń lọ síbẹ̀ tí wọ́n bá ti gba ọlidé, ká sun ọ̀gẹ̀dẹ̀ jẹ, ká máa lá omi kòkó, ká sáré kiri, ká tún padà sí Akúrẹ́. Iṣẹ́ oko gan-an ò yé mi.

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Arákàlẹ̀, mo tún ń bá èèyàn tẹ ìwé. Owó ṣọ́ọ̀bù ti lọ sókè, owó ilé náà ti lọ sókè, iná ò dúró, gbogbo ohun tí mo bá pa, epo jẹnẹrétọ̀ ló ń kó o lọ. Mo wá jókòó mo rò ó, mo ní kí ló dé tí mi ò kúkú kó lọ sóko, kí n máa bójú tó kòkó yẹn fúnra mi, kí n gbé sólà kékeré kan dání kí n máa fi tún fóònù àwọn ará abà ṣe.

Wàhálà méjì ló wà níbẹ̀. Bàbá tó ń bá wa mójú tó oko náà, ará Ìgèdè ti Benue ni, ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi, àdéhùn òun àti bàbá mi ni pé tí wọ́n bá pín kòkó sọ́nà mẹ́ta, òun á mú ọ̀kan. Ní 2024 tí kòkó wọ́n bí ojú, tí àwọn olóko ẹgbẹ́ wa ń ra mọ́tò, àpò mẹ́rin ló kó fún wa. Mẹ́rin péré! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní olè paraku ni, ká lé e dànù. Ìkejì, ìyàwó mi ní tí mo bá fẹ́ lọ kí n máa lọ, òun ò ní gbé ibi tí wọ́n ti ń gun orí àpáta kí wọ́n tó lè pe fóònù, ọmọ wa sì ti wà ní pámárì tú.

Ṣé abà ṣì ṣe é gbé láyé ìsinsìnyí? Kí sì ni kí n ṣe sí ọ̀rọ̀ bàbá yẹn? Ẹ má bú mi o.

Àgbà_Oníkòkó:

O kú àṣẹ̀yìndè bàbá rẹ o, ọmọ mi, Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún wọn.

Mo ti ń ṣe kòkó láti ìgbà tí Bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń rà á lọ́wọ́ wa, kí ìjọba tó fagi lé Bọ́ọ̀dù ní 1986, torí náà fara balẹ̀ kà á. Ọ̀rọ̀ olè tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń sọ yẹn, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Igi ni kó o kọ́kọ́ lọ wò. Má dúró di oṣù kọkànlá kó o tó lọ, torí nígbà yẹn gbogbo oko ló máa ń dùn ún wò, àsìkò òjò yìí gan-an ni kó o lọ. Wọ̀ ọ́ títí dé ìpẹ̀kun, má dúró sétí oko níbi tí wọ́n ti ro ó kalẹ̀ de ọlóko.

Gbójú sókè wo orí igi. Tó o bá rí ewé kan tí kì í ṣe ewé kòkó, tó dì mọ́ ẹ̀ka, tó ní èso wínníwínní, àfòmọ́ nìyẹn. Ẹyẹ ló ń jẹ èso ẹ̀ tó ń gbé e láti orí igi kan dé òmíràn. Ó máa ń fa omi ara igi mu, ẹ̀ka tó bá jókòó lé, bó bá pẹ́, láti ibẹ̀ lọ sókè á gbẹ dànù. Oko tí wọ́n ń tọ́jú, ọdọọdún ni wọ́n ń gé e, iṣẹ́ ńlá sì ni, èèyàn á gun igi tàbí kó so ọ̀bẹ mọ́ igi gígùn, ọrùn á sì máa dùn ún di ọjọ́ kejì. Èmi ò rí ẹni tó ń gé àfòmọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ rí. Tí àfòmọ́ bá ti bo oko yín, á jẹ́ pé ẹnì kan ò fi owó ránṣẹ́ fún bí ọdún mélòó kan, ẹni yẹn sì lè máà jẹ́ Ìgèdè yẹn.

Tó o bá wo òkè tán, wá wo ara èso. Kòkó tí àrùn dúdú mú, ojú kan ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé gbogbo ẹ̀ ti dúdú, nǹkan funfun á wá hù sí i lára. Òjò ló fẹ́ràn. Èyí tó ti dúdú, ṣe ni kí wọ́n já a kúrò kí wọ́n gbé e jáde nínú oko, torí tí wọ́n bá fi í sílẹ̀ lórí igi, òjò tó ń ta sí i ló ń gbé àrùn yẹn lọ sára ìyókù. Wọ́n á sì máa fín oògùn tó ní kọ́pà sí i, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta sí mẹ́rin mẹ́rin, títí òjò á fi dáwọ́ dúró. Ẹ wá wo iye oògùn, ẹ wo iye ẹni tó ń fín in, ẹ wo epo páǹpù. Ta ló ń san gbogbo ìyẹn ní 2023 sí 2024? Bóyá bàbá rẹ ti ń ṣàárẹ̀ nígbà yẹn, bóyá kò sẹ́ni tó rántí oko. Ọ̀pọ̀ oko ló ti pàdánù ìlàjì èso ẹ̀ báyìí láìsí olè kankan níbẹ̀.

Tún béèrè ọdún tí wọ́n gbìn ín. Igi tó bá ti lé ní ọgbọ̀n ọdún dáadáa, agbára ẹ̀ ti ń lọ, ó fẹ́ kí wọ́n máa gbin òmíràn sí àárín ẹ̀. Àwọn ilé ìwádìí kòkó ní Ìdí-Ayùnrẹ́, n'Ìbàdàn, ní irúgbìn tó ń tètè so ju ti àtijọ́ lọ.

Ti gbígbé abà, màá padà wá sọ ọ́, ojú ń ro mí.

Èkìmọ̀gún_gidi:

Ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ o. Bọ̀dá, 2024 ti lọ. Oṣù Dìsẹ́ńbà ọdún yẹn ni tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá dọ́là 12,000 lọ́jà àgbáyé, gbogbo ayé ń pariwo, àwọn tó ti ta oko wọn fẹ́ gbà á padà, lọ́yà àti bánkà náà di àgbẹ̀. 2025 dé, owó ẹ̀ já wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wojú ara wọn báyìí. Ìwọ fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù rẹ pa nítorí ohun tí wọ́n ń dá iye lé ní London àti New York.

Ẹ sì jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀, ààbò ńkọ́? Láti 2021 ni òfin ti wà ní Ondo pé kí ẹnikẹ́ni má da màlúù káàkiri mọ́, Àmọ̀tẹ́kùn wà, wọ́n ń gbìyànjú, a dúpẹ́. Àmọ́ ẹni tó ń sùn sínú igbó nìkan ló mọ bó ṣe ń rí lára tí ajá bá ń gbó lóru. Máa gbé Akúrẹ́ jàre, kó o máa lọ ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ọmọ_Abà:

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ o, ẹ má bínú tó bá gùn.

Ìgèdè ni bàbá mi. Láti Oju ní Benue ni wọ́n ti wá sí ilẹ̀ Ondo, inú abà ni wọ́n bí mi sí, Yorùbá ni mo fi ń lálàá. Kíátékà ni bàbá mi títí dòní, oko olóko ni wọ́n fi tọ́ gbogbo wa. Torí náà tí mo bá rí i kí ọmọ ọlóko máa kọ ọ́ síta pé olè ni, ó máa ń ká mi lára, ṣùgbọ́n mi ò ní bú ẹ, o ti bẹ̀bẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Akúrẹ́ ń rí ni àpò. Ẹ ò rí ọjọ́ tí wọ́n pa kòkó. Jẹ́ kí n sọ fún ẹ. Wọ́n á ti já a láti bí ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, wọ́n á kó o jọ gègèrè sábẹ́ igi kan. Láàárọ̀ kùtù gbogbo ilé á jáde, ọkùnrin á máa fi kùmọ̀ tàbí àdá tí kò mú fọ́ ọ, obìnrin á máa fi ìka kó hóró inú ẹ̀ jáde, àwọn ọmọdé á sọ pé àwọn ń ṣèrànlọ́wọ́ àmọ́ lílá ni wọ́n ń lá a. Ẹsẹ̀ á máa yọ̀ nínú omi ẹ̀, kòkòrò á máa kùn. Wọ́n á tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á da kòkó lé e, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà ló máa lò níbẹ̀, wọ́n á sì máa tú u yí po kó lè jiná déédéé. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, tó o bá ṣí ewé yẹn, ooru gbígbóná ló máa kọ́kọ́ lù ẹ́ lójú, òórùn ẹ̀ á wá máa ta bí ẹmu tó ti kan. Lẹ́yìn ìyẹn ni sísá. Tí òjò bá ṣú lọ́sàn-án, ibi yòówù kó o wà, kódà kó o wà nílé ìdáná, wàá sáré ni. Bàbá mi lè ti orí àga ṣọ́ọ̀ṣì sáré kúrò torí kòkó tó wà níta.

Tó o bá wá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń yọ ẹ́ jẹ, má pariwo, lọ bá wọn pa kòkó. Mú sikéèlì dání, wọn tútù ẹ̀ kí wọ́n tó bò ó. Kòkó tútù kílò 100, tó bá jiná tó sì gbẹ tán, kò lè kù ju bíi 40 lọ. Àpò kan kílò 64 ni. Wàá ti mọ iye tó yẹ kó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Bàbá mi gan-an fẹ́ràn ọlóko tó bá wá sí ìdí iṣẹ́, ẹni tí wọ́n máa ń bẹ̀rù ni ẹni tí kì í wá, tó jẹ́ fóònù ló fi ń pe àpò.

Kí ẹ sì béèrè pé kí wọ́n tó pín in sí mẹ́ta, ṣé wọ́n ti yọ owó oògùn àti owó àwọn tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ kúrò? Tí bàbá rẹ àti bàbá yẹn ò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà á ṣe láti ọdún pípẹ́ wá ni àdéhùn wọn. Ẹ̀gbọ́n rẹ ò lè dé kó ní ká lé e. Kó lọ síbo? Àwọn ọmọ ẹ̀ ti fẹ́yàwó níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún lé e, èèyàn tuntun tẹ́ ẹ máa gbé síbẹ̀, odindi ọdún kan lá fi kọ́ ojú ọ̀nà oko.

Ọmọ_Arákàlẹ̀:

Ah. Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́, ẹ ṣé gan-an. Ti kílò tútù yẹn, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ti ka ọ̀rọ̀ yín, kò fèsì, ó kàn ní òun ń bọ̀.

Nígbà tí mo ń yẹ àpótí bàbá mi wò, mo rí àwọn rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀, apá kan. Apá kejì oko, àbúrò bàbá mi ní ó ṣeé ṣe kó bọ́ sínú igbó ọba. Ṣé ìyẹn burú?

Ìyá_Bọ́lọ́runduro:

Ọmọ mi, àwọn ọkùnrin ti sọ ti kòkó, kò sẹ́ni tó dá ìyàwó ẹ lóhùn. Tèmi ni kó o gbé fún un kó kà.

Aya mi, ẹ káàbọ̀ o. Mo bí ọmọ mẹ́rin sí abà kí n tó kó wá sí Bọ́lọ́runduro. Òótọ́ ni o, iṣẹ́ obìnrin lóko kì í tán. Omi lo máa kọ́kọ́ bi wọ́n. Tó bá jẹ́ kànga ni, ṣé kì í gbẹ lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀? Tó bá jẹ́ odò ni, ta ló wà lókè odò? Oògùn kòkó tí wọ́n ń fín yẹn, ibẹ̀ ni àwọn kan ti ń ṣan páǹpù. Láyé Gamalin tí ìjọba wá fòfin dè, a rí ẹja tó léfòó. Ìyẹn ni kó o béèrè kó o tó béèrè nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wá bi wọ́n ibi tí matànítì tó súnmọ́ wọn wà, àti bóyá ọ̀kadà ń dé ibẹ̀ lóru. Tó bá jẹ́ pé ó ní láti dúró di àárọ̀, má bá a lọ tó o bá lóyún, kó wá máa bẹ̀ ẹ́ wò ní Akúrẹ́.

Àmọ́ owó wà níbẹ̀ fún obìnrin tó bá lójú. Kòkó ni ti ọkùnrin, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ kòkó, tìrẹ ni. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, kókò, ẹ̀gẹ́, ata, ọsàn tí wọ́n gbìn sétí oko. Ọjà ọrọọrún ni mo ń ná, ọjọ́ tó bá ku ọ̀la ọjà, gbogbo abà á ti máa gbóná janjan: ẹni tó ń din gààrí, ẹni tó ń di ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹni tó ń wá ẹni tó máa bá a ru ẹrù dé títì. Àwọn alájàpá láti Akúrẹ́ á gbé mọ́tò wá, wọ́n á fẹ́ rà á lọ́pọ̀ lówó pọ́ọ́kú, a máa ń bá wọn ja ìjà ẹ̀ dáadáa. Èsúsú tá a dá níbẹ̀ ni mo fi kọ́ ilé yìí. Nínú ìpàdé àwa obìnrin, tí wọ́n bá bí ọmọ lónìí, kí ọ̀sẹ̀ tó parí wàá ti rí igi ìdáná, wàá rí iṣu, ẹnì kan á máa wá fọṣọ. Mo ti wà nílùú báyìí, aládùúgbò mi ṣòkú ìyá ẹ̀, orí fóònù ni mo ti rí i.

Ti pé kó má lè tẹ fóònù, aya mi, wọ́n ti gbé òpó sí ọ̀pọ̀ ibi báyìí. Tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ ọjà kó o fi ojú ara ẹ rí i. Má lọ lọ́jọ́ tí ọjà ò sí, wàá sunkún.

Tíṣà_Òkè_Àró:

Mo ti kọ́ni ní iléèwé abà kan rí, mi ò ní sọ ibi tó wà. Ọmọ pámárì tú, pámárì tírì àti fọ́ọ̀ lè wà nínú kíláàsì kan náà, tíṣà kan ṣoṣo, lásìkò tí wọ́n bá ń pa kòkó ìlàjì wọn ò ní wá. Àwọn ọmọ yẹn gbọ́n o, ìṣirò owó tí wọ́n lè ṣe lórí, ọmọ Akúrẹ́ ò lè ṣe é. Ìwé kíkà ló ń dá wọn dúró. Lójú tèmi, fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Akúrẹ́, kó máa wá ní ọlidé bí ìwọ náà ṣe ń ṣe.

Ìyá_Bọ́lọ́runduro:

Tíṣà, ẹ fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá àgbà, ìyá àgbà náà ti rẹ̀ o. Ẹ̀yin lẹ ò dúró kọ́ wọn.

Tíṣà_Òkè_Àró:

Ìyá, wọ́n gbé mi kúrò ni. Mi ò bẹ̀bẹ̀.

Àgbà_Oníkòkó:

Mo ti dé. Ọ̀rọ̀ igbó ọba yẹn ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tó o kọ.

Igbó ọba, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, ẹni tó bá dáko síbẹ̀ kò lè sọ pé ilẹ̀ bàbá òun ni, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọ̀pọ̀ oko kòkó ní ìpínlẹ̀ yìí ló wà nínú ẹ̀. Wọ́n lè wà níbẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìsí ẹni tó yọ wọ́n lẹ́nu, ọjọ́ kan ni wọ́n máa ní kí gbogbo èèyàn jáde. Ohun tó tún wá mú un le ni pé àwọn Yúróòpù ṣe òfin kan ní 2023, wọ́n ní àwọn ò ní ra kòkó tó bá ti inú ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó ẹ̀ run lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ńbà 2020. Wọ́n ń sún ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ síwájú, ó ti ṣe díẹ̀, àmọ́ àwọn tó ń ra kòkó fún ilé iṣẹ́ ńlá ò dúró, wọ́n ti ń gbé fóònù rìn yí oko èèyàn po láti ya máàpù ẹ̀. Tí wọ́n bá dé abà yín, bàbá Ìgèdè yẹn ló máa bá wọn rìn, orúkọ tó bá pè fún wọn ni wọ́n máa kọ. Ṣé o rí i báyìí ìdí tí mo fi ní kó o má bá a jà?

Apá tó ní rìsíìtì ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ní olóhun. Wá ìdílé tó ni ilẹ̀ yẹn, san ti ọdún yìí, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀yin ọmọ síbi tí wọ́n kọ ti bàbá yín sí. Apá kejì, má tíì ná kọ́bọ̀ lé e, má gbin igi tuntun sí i, títí wàá fi lọ sí ọ́fíìsì àwọn igbó ní Akúrẹ́ lọ béèrè ibi tí ààlà wà.

Ti gbígbé abà, èmi ò ní sọ fún ẹ pé kó o ti ṣọ́ọ̀bù pa lónìí. Ní ti ẹni tó ní sólà tó ń tún fóònù ṣe, kò tún sí ohun tí abà ń wá ju ìyẹn lọ, wọn ò ní jẹ́ kó o sinmi. Ṣùgbọ́n lo ọdún kan ná, láti ìgbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ dé ìgbà tí ọyẹ́ bá dé, kó o máa lọ máa bọ̀, kó o bá wọn fín oògùn lẹ́ẹ̀kan, kó o bá wọn gé àfòmọ́, kó o bá wọn pa kòkó. Èkìmọ̀gún ò purọ́ nípa owó, àmọ́ ẹni tó ń lo 2024 ṣòṣùwọ̀n kò tíì ṣe kòkó rí. A ti rí èyí tó burú jù báyìí lọ, a sì bọ́ ọmọ.

Èkìmọ̀gún_gidi:

Bàbá, mo gbà fún yín. Àmọ́ kó má sùn síbẹ̀ lóun nìkan o.

Ọmọ_Arákàlẹ̀:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an, mo ti tẹ gbogbo ẹ̀ síta lórí bébà fún ẹ̀gbọ́n mi. Èmi, òun àti àbúrò bàbá mi la máa jọ lọ. Ìyàwó mi ní òun á tẹ̀lé wa tó bá bọ́ sọ́jọ́ ọjà, kò ní òun gbà o, ó kàn ní òun fẹ́ wo ata. Kí la máa gbé dání fún Baálẹ̀? Àbúrò bàbá mi ní ṣínáàpù.

Ọmọ_Abà:

Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá Baálẹ̀ ń mu ọtí. Ti abà tiwa, ọmọ ìjọ Séléè ni, wọn ò gbọdọ̀ gbé ọtí wọ ọgbà ẹ̀. Mọ́ọ̀tì ò lè bí ẹnikẹ́ni nínú. Tẹ́ ẹ bá kúrò lọ́dọ̀ Baálẹ̀, ilé bàbá Ìgèdè yẹn ni kẹ́ ẹ tún lọ tààrà, kẹ́ ẹ tó wọ oko. Kẹ́ ẹ sì gbé tiẹ̀ náà dání lọ́tọ̀. Kò tíì sí nínú yín tó lọ kí i kú àṣẹ̀yìndè ọ̀gá ẹ̀, àbí?

Ọmọ_Arákàlẹ̀:

Kò sí o.

Àgbà_Oníkòkó:

Á jẹ́ pé ọwọ́ aṣọ kan wọnú ẹ̀ nìyẹn. Àǹkárá tẹ́ ẹ wọ̀ níbi òkú, tó bá kù.